Onílé Ọjọ́ Sámáǹsì

Wọ́n ní ọ̀lẹ ni ìyálé mi. Wọ́n ní ó jókòó sínú ilé títí igbó fi bo ilé mọ́ ọn lórí, títí ìjọba fi wá fà á lọ sí kóòtù. Irọ́ ni. Ìṣojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe, mo sì ti dàgbà kọjá ẹni tí wọ́n lè pa lẹ́nu mọ́ báyìí. Àwọn tó yẹ kí n bẹ̀rù ti kú tán. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ayé òyìnbó ni, a ò tí ì gba òmìnira. Ìyàwó ni mí nígbà náà ní Ìlárè, ní Ilé-Ifẹ̀, oyún àkọ́kọ́ wà nínú mi. Ìyálé tí mò ń sọ yìí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Ara Mọdákẹ́kẹ́ ni, ọmọ mùsùlùmí tó fẹ́ sílé wa tó sì bá wa ṣe bí a ti ń ṣe. Nígbà tó wọlé ọkọ, ọkọ mi ṣì jẹ́ ọmọdé tí imú ń dà. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń gbé e pọ̀n lọ sí odò, òun ló ń rọ ọ́ lágbo nígbà tí inú bá ń run ún. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí tiwa ti rí: ẹni tí ìyàwó bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Nítorí náà ó ń pè é ní "ọkọ mi kékeré", ó sì ń fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀ títí tó fi hu irùngbọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi rí ṣe nídìí kòkó. Ó kọ́ ilé kan tí ó dojú kọ títì, ilé páànù, ó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ tinú tòde. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ fẹ̀, ó lọ títí dé etí gọ́tà ìsàlẹ̀, ṣáláńgá wà ní ìkángun rẹ̀. Èmi àti ọkọ mi, inú agboolé àtijọ́ ni à ń gbé, lábẹ́ páànù tó ti dípẹtà, tí òjò máa ń bá wa sùn lórí ẹní. Àìmọye ìgbà ni mo rí ọkọ mi tó dúró lójú títì, tó káwọ́ sẹ́yìn, tó ń wo ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èmi rò pé ó ń fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yangàn ni. Àgbà òmùgọ̀ ni mí nígbà náà.

Ẹ̀gbọ́n yẹn kú lójijì lásìkò tí òjò fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí wọ́n bu omi fún òun, kí wọ́n tó bu omi dé, ó ti lọ. Wọ́n sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ a-b-d. Kò bímọ ọkùnrin.

Ẹ ti mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé irú èyí. Eruku sàréè kò tí ì rọlẹ̀ tí ọkọ mi fi lọ bá àwọn àgbà ẹbí. Ó ní ilé kì í ṣe ohun tí à ń fi sọ́wọ́ obìnrin, pàápàá obìnrin tí kì í ṣe ara Ifẹ̀. Àwọn àgbà rò ó. Olórí ẹbí, bàbá arúgbó kan tó máa ń di ojú bí ó bá ń sọ̀rọ̀, ló wá dájọ́. Ó ní òkú olóògbé kò ní sùn dáadáa bí a bá lé ọmọ rẹ̀ síta. Ó ní kí opó náà ṣe opó rẹ̀ pé, oṣù mẹ́ta, kí ó má fi ẹsẹ̀ kan kọjá ẹnu ọ̀nà, kí ó sì má fi ilé náà mú ìtìjú bá ẹbí. Bí ó bá ṣe é yọrí, tirẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀ ni ilé, títí láé. Bí kò bá ṣe é yọrí, ilé bọ́ sọ́wọ́ àbúrò.

Gbogbo wa dáhùn pé ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi náà dáhùn, ohùn tirẹ̀ ló tilẹ̀ ga jù.

Ní tiwa, opó kì í jáde, kì í dá irun, kì í wọ aṣọ mìíràn ju aṣọ dúdú ọ̀fọ̀ lọ, kì í sì í mú irin dání. Bí ó bá mú ọ̀bẹ tàbí àdá, wọ́n á ní ó ń gé okùn tó so òun mọ́ olóògbé, pé àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òun ló pa á. Èmi ni wọ́n yàn láti máa gbọ́ tirẹ̀. Mo ń sè fún un, mo ń pọnmi fún un, mo ń bá a da póò nù. Ó jókòó sórí ẹní nínú yàrá, ọmọ rẹ̀ sùn lé e lẹ́sẹ̀, ó ń gbọ́ òjò lórí páànù.

Bí ẹ bá mọ òjò Ifẹ̀, ẹ ó mọ ohun tó tún ń gbọ́. Ó ń gbọ́ igbó tó ń hù.

Ẹni tí kò bá gbé ayé nígbà náà kò lè mọ bí a ṣe ń bẹ̀rù wolé-wolé. Bí ó bá ti gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọ àdúgbò láàárọ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò kakí péńpé àti ìbọ̀sẹ̀ tó ga dé orúnkún, ariwo á gbòde: "Wolé-wolé dé o!" Ẹni tó ń jẹun á fi oúnjẹ sílẹ̀. Àwọn kan á máa da omi àmù nù nítorí tanwíji, àwọn kan á máa gbálẹ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, àwọn mìíràn á tilẹ̀kùn wọn, wọ́n á gba oko lọ. Mo mọ ìyá àgbà kan tó jókòó lé orí ìkòkò omi rẹ̀, tó fi ìró bò ó mọ́lẹ̀. Wolé-wolé ní kí wọ́n dìde, ó ní ìdí ń dun òun, òun ò lè dìde. A rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wa.

Ṣùgbọ́n òfin igbó kò ní ẹ̀rín nínú. Koríko kò gbọdọ̀ ga ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ láyìíká ilé. Ọrùn onílé ló wà láti ro iwájú ilé rẹ̀ dé etí títì, kí ó sì ro ẹ̀yìnkùlé dé ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ parí sí. Bí wolé-wolé bá rí igbó nígbà àkọ́kọ́, á kìlọ̀. Bí ó bá padà wá tí igbó ṣì wà níbẹ̀, sámáǹsì ni, ó di kóòtù. Òfin náà kò burú. Ejò ń ti inú igbó wá, ẹ̀fọn ń ti inú igbó wá. Èmi ò bá òfin jà. Àwọn tó mọ ọ̀nà láti fi òfin pa ènìyàn ni mò ń bá jà.

Lọ́dọọdún, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi máa ń gba alágbàṣe láti ro ẹ̀yìnkùlé yẹn. Lọ́dún yẹn, ọkọ mi lọ jókòó ti ìyálé mi, ó ní, "Ẹ má ṣe ìyọnu lórí igbó. Èmi ni n ó ro ó. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ilẹ̀, ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

Ìyálé mi súre fún un. Ó ní, "Ọkọ mi kékeré, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ rí ẹni ro tiyín fún yín."

Ó jáde kúrò níbẹ̀, ó lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ó sọ fún àwọn aládùúgbò pé ẹnikẹ́ni tí òun bá bá àdá lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n òun, òun á mọ̀ pé ilẹ̀ ló fẹ́ gbà. Ta ló fẹ́ ejọ́ ilẹ̀ ní Ifẹ̀? Kálukú tọ́jú àdá rẹ̀. Òun náà sì tọ́jú tirẹ̀. Ó ń lọ oko, ó ń bọ̀, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé yẹn kọjá, kò tẹ ẹyọ koríko kan mọ́lẹ̀.

Imí-eṣú ló kọ́kọ́ gbilẹ̀. Gbégi tẹ̀lé e. Kí á tó mọ̀, ẹ̀kan ti yọ ní etí gọ́tà, ewúrẹ́ wọ inú rẹ̀, a ò rí ewúrẹ́ mọ́. Ọ̀nà ṣáláńgá di ohun tí à ń fi igi yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì kí á tó kọjá. Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní òun gbọ́. Mo tún sọ. Ó ní, "Ìwọ, ṣé oyún inú rẹ ló ń ro igbó ni?"

Àbúrò ìyálé mi wá láti Mọdákẹ́kẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, àdá méjì ni wọ́n mú dání. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ ni, aránṣọ. Ọkọ mi pàdé wọn ní iwájú ilé.

Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o. Kí lẹ fẹ́ fi àdá ṣe?"

Ọkùnrin náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, a ní kí á bá ẹ̀gbọ́n wa ro ẹ̀yìnkùlé ni."

"Ẹ̀yìnkùlé ta ni?"

"Ti ọkọ wọn."

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé ohùn sókè kí gbogbo Ìlárè lè gbọ́: "Ẹ wá wò ó o! Ará Mọdákẹ́kẹ́ gbé àdá wá wọn ilẹ̀ Ifẹ̀! Òkú ò tí ì jẹrà!" Kí ẹ tó ṣẹ́jú, àwọn ọkùnrin ti yọ jáde láti ojúlé méjì mẹ́ta. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti rí láàárín ìlú méjèèjì. Aránṣọ náà wo ojú wọn, ó wo àdá ọwọ́ ara rẹ̀, ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ojú fèrèsé, ó padà sílé.

Ọjọ́ yẹn ni ojú mi là. Mo wo ọkọ mi bó ti ń gbọn eruku aṣọ rẹ̀, mo sì rí i pé inú rẹ̀ dùn. Ọlọ́run má jẹ́ kí n tún rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lára ẹni tí mo ń bá sùn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni wolé-wolé dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kò ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Òun kọ́ ni ọ̀tá wa, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ó rìn yí ilé ká, ó fi ọ̀pá wọn koríko mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Koríko ga dé ìdí rẹ̀.

Ó ní, "Ta ni onílé yìí?"

Ọkọ mi wà níbẹ̀. Ní agboolé wa, lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó ṣì ń sọ pé obìnrin kò nílé, pé olùgbé lásán ni ìyálé mi. Ní iwájú wolé-wolé yìí, ó na ìka sí fèrèsé yàrá opó, ó ní, "Obìnrin inú ilé yìí ni. Òun ni onílé. Ọkọ rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un."

Háà! Ọjọ́ tí wọ́n ń pín ogún, àlejò ni. Ọjọ́ sámáǹsì, ó di onílé.

Wolé-wolé sún mọ́ fèrèsé. Ó ní, "Ìyá, ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ilé?"

Ìyálé mi kò gbọdọ̀ bá ọkùnrin àjèjì sọ̀rọ̀ lójúkojú. Ó ti inú yàrá dáhùn, "Èmi ni, ọmọ mi."

"Ẹ bá mi ro igbó yìí. Mo máa padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí mo bá bá a báyìí, kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i, kóòtù ni."

Nígbà tó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ, mo wọlé lọ bá ìyálé mi. Mo ní, "Ìyá mi, kí ló dé tí ẹ ò sọ pé ẹ̀yin kọ́? Ẹ bá tì í sí àwọn ẹbí lọ́rùn."

Ó wò mí. Irun orí rẹ̀ ti lọ́pọ̀ mọ́ra, ojú rẹ̀ ti jìn. Ó ní, "Ìyàwó mi, bí mo bá fi ẹnu ara mi sọ pé èmi kọ́ ni mo ni ín, ìgbà wo ni ọmọ mi fẹ́ ní in?"

Mo kó àwo oúnjẹ rẹ̀, mo jáde.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo dúró títí ọkọ mi fi lọ sí oko. Mo gbé àdá. Obìnrin kì í ṣán igbó lọ́dọ̀ wa, iṣẹ́ ọkùnrin ni, inú mi sì ti yọ síwájú. Mo so ìró mọ́ àyà, mo bẹ̀rẹ̀ láti iwájú ilé. Àwọn obìnrin àdúgbò ń wò mí láti ojú ọ̀nà wọn, kò sẹ́ni tó sọ pé ẹ kú iṣẹ́. Mo ṣán iwájú ilé tán, mo ṣán ẹ̀gbẹ́ ibojì. Ọwọ́ mi ti bó. Mo ń wọ ẹ̀yìnkùlé lọ nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi.

Ẹnìkan ti sáré lọ pe ọkọ mi ní oko. Ẹni náà kò mọ̀ pé mo mọ òun títí tó fi kú.

Ọkọ mi kò pariwo. Ó gba àdá lọ́wọ́ mi, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá mi létí, mo jókòó sínú koríko. Ó ní, "Ta ló bẹ̀ ọ́?" Mo ní, "Ẹ̀rí-ọkàn mi ni." Ó tún gbá mi. Ìyálé mi rọ́ mọ́ fèrèsé, ó ń ké pé, "Ọkọ mi kékeré, ẹ jọ̀wọ́, aboyún ni! Ẹ wò ó, ẹ jẹ́ kí igbó wà!" Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò nínú yàrá. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lára irin fèrèsé. Bí ó bá jáde wá là wá, ilé ti lọ, òun náà sì mọ̀.

Koríko tí mo ti ṣán, mo fẹ́ kó o dànù. Ọkọ mi ní bí mo bá mú ẹyọ kan níbẹ̀, òun á dá mi padà sílé bàbá mi tòun ti oyún. Ó wà nílẹ̀ ní òkìtì òkìtì, òjò rọ̀ sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rà, eṣinṣin bò ó.

Wolé-wolé padà wá bó ti wí. Ó rí igbó lẹ́yìn, ó rí òkìtì tó ń rùn níwájú. Ó mi orí, ó ní ẹ̀sùn ti di méjì: igbó, àti pàǹtírí. Ẹ̀sùn kejì yìí, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kó o fún wọn. Akódà kóòtù mú sámáǹsì wá. Ó ti fèrèsé nà án sí ìyálé mi, ó sọ ọjọ́ tí yóò dé kóòtù. Ó ní bí kò bá wá fúnra rẹ̀, àwọn á wá gbé e.

Ìyálé mi ránṣẹ́ sí àwọn àgbà ẹbí kí wọ́n gba òun láyè láti jáde. Ọkọ mi ni wọ́n fi iṣẹ́ náà rán padà sí i. Ó ní wọ́n ní àwọn kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, kí ó ṣe bí ó ti tọ́ lójú rẹ̀. Mo bi wọ́n léèrè lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Olórí ẹbí ní kò sẹ́ni tó bá òun sọ nǹkan kan.

Ní àárọ̀ kóòtù, ọkọ mi ló jí mi. Ó ní, "Dìde, tẹ̀lé e lọ."

Ó yà mí lẹ́nu. Mo ní, "Ẹ ṣeun. Kí ó má dá lọ."

Ó ní, "Kí o lè jẹ́rìí pé ó jáde ni."

A rìn lọ. Aṣọ dúdú, irun wúruwùru, ẹsẹ̀ lásán, ìyálé mi di ọmọ rẹ̀ mú lọ́wọ́. Àwọn ènìyàn ń yà fún wa lọ́nà, wọn ò fẹ́ kí aṣọ opó kan àwọn. Àwọn ọmọ kéékèèké sá. Nínú kóòtù, akọ̀wé kan wo orí rẹ̀, ó sọ nǹkan sétí èkejì rẹ̀, àwọn méjèèjì ń fi ìwé bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Màmá yín á ṣe opó, mo wí i sínú.

Adájọ́ jẹ́ àgbàlagbà tí ara rẹ̀ balẹ̀. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo ni ilé yìí?"

Ọ̀nà wà níbẹ̀. Bí ó bá sọ pé rárá, wọn á jẹ́ kí ó máa lọ, kí wọ́n wá ẹlòmíràn pè. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Èmi ni, olúwa mi. Èmi àti ọmọ mi yìí."

"Kí ló dé tí o ò ro ó?"

"Inú opó ni mo wà."

Adájọ́ mí kanlẹ̀. Ó ní òun bá a kẹ́dùn, ṣùgbọ́n òfin kò mọ opó, òfin kò mọ ìyàwó, onílé nìkan ló mọ̀. Ó bu ìtanràn lé e. Aránṣọ, àbúrò rẹ̀, tó ti ń dúró ní ìta láti àárọ̀, ló wọlé wá san án.

Bí a ti ń padà bọ̀, ìyálé mi ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó mi, o gbọ́? Kóòtù ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Wọ́n ti kọ ọ́ pé èmi ni mo ni ín. Ta ló tún lè jà á?" Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo rò ó, mo ní àbí òótọ́ ni. Inú mi náà ń dùn díẹ̀díẹ̀.

A yọ sí títì ilé. A kọ́kọ́ rò pé a ṣì ọ̀nà ni.

Igbó ti tán. Iwájú, ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìnkùlé dé gọ́tà, gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní, ilẹ̀ pupa ń dán. Ọkọ mi ti bẹ ọ̀wẹ̀. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti ń sá fún ilẹ̀ yẹn láti ìgbà òjò jókòó lábẹ́ igi, wọ́n ń jẹ iyán tó gbé fún wọn, àdá wọn wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Òwúrọ̀ kan ṣoṣo ni iṣẹ́ náà gbà. Àgádágodo tuntun wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹrù ìyálé mi wà níta: ẹní rẹ̀, ìkòkò rẹ̀, sílétì ọmọ rẹ̀. Àwọn àgbà ẹbí sì ti jókòó sórí bẹ́ńṣì.

Olórí ẹbí di ojú. Ó pè mí. "Ìyàwó, ṣé ó kọjá ẹnu ọ̀nà?"

Mo ní, "Bàbá, ìjọba ló pè é. Ẹ bi ẹni tó sọ fún wolé-wolé pé òun ni onílé. Ẹ bi ẹni tó gba àdá lọ́wọ́ mi."

Ó ní, "Mi ò bi ọ́ léèrè ìyẹn. Ṣé ó jáde, àbí kò jáde?"

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run!"

Ọkọ mi ní, "Ó tó. Ẹ̀yin náà rí i tó ń ti títì bọ̀. Ṣé ẹnu obìnrin ni a ó fi mọ̀ ọ́n?"

Bí ó ti parí nìyẹn. Wọ́n ní ó já opó, ó gbé orúkọ ẹbí lọ sí kóòtù, ilé bọ́ sọ́wọ́ àbúrò. Ìyálé mi kò sunkún. Ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibojì ọkọ rẹ̀, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro. Kí ó tó la ẹnu, ọkọ mi ní kí ó dìde, iṣẹ́ ń bẹ nílẹ̀. Aránṣọ gbé ẹní, ó gbé ìkòkò, ọmọ gbé sílétì rẹ̀, wọ́n gba ọ̀nà Mọdákẹ́kẹ́ lọ.

A kó wọ ilé náà kí ọ̀sẹ̀ tó yí. Nígbà tí wolé-wolé tún dé, ó rìn yíká, ó bọ ọkọ mi lọ́wọ́, ó ní bó ṣe yẹ kí onílé ṣe nìyẹn. Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n bu omi tútù fún àlejò. Mo bu omi. Orí mi gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbé e fún un láì kúnlẹ̀.

Inú ilé yẹn ni mo ti bímọ mi, ọkùnrin. Ní tiwa, ìyálé ló ń wẹ ọmọ ìyàwó. Mi ò ránṣẹ́ sí i, ojú wo ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́? Ṣùgbọ́n ó gbọ́, ó sì wá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ní iwájú ilé. Mo rọra dìde wo ojú fèrèsé. Ó ti dá irun, ó wọ aṣọ mímọ́, ó gbé igbá tí ó kó ọṣẹ dúdú, kànhìnkànhìn àti àdí sí.

Ọkọ mi dí ẹnu ọ̀nà.

Ìyálé mi kúnlẹ̀ fún un. Ó ní, "Ọkọ mi kékeré, ẹ kú ewu ọmọ. Mo ní kí n wá wẹ ọmọ ni."

Ọkọ mi ní, "Opó tó já òfin kò ní fọwọ́ kan ọmọ mi."

Mo ké láti inú yàrá pé, "Ẹ jẹ́ kí ó wọlé! Ṣebí òun ló wẹ ẹ̀yin náà!" Kò wo ẹ̀yìn.

Ìyálé mi kò bá a jiyàn. Ó gbé igbá náà kalẹ̀ sórí àtẹ̀gùn, ó ní kí wọ́n fún mi. Bó ti bẹ̀rẹ̀ báyẹn, ó rí gbégi kékeré kan tó hù ní ìdí àtẹ̀gùn, èyí tí mi ò rí nígbà tí mò ń gbálẹ̀. Obìnrin tó ti gbélé kì í rí irú rẹ̀ kí ó kọjá. Ó na ọwọ́, ó dì í mú.

Ọkọ mi ní, "Fi í sílẹ̀. Ìyẹn náà, tèmi ni."

Ó tú u sílẹ̀. Ó fi ìró nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, ọkọ mi kékeré," ó sì yí padà, ó ń lọ. Mo dúró ní fèrèsé, ọmọ mi ń ké lọ́wọ́ mi, mo sì ń ṣépè fún ọkùnrin tó bí i.